Kí ni o yí, kí ni o wọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo gbin ẹ̀wà sínú ìkòkò 12 fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì wa. N kò fi ajílẹ̀ sí 4 nínú wọn. Mo ń fi gíráàmù 1 sí 4 mìíràn, mo sì ń fi gíráàmù 2 sí 4 tó kù. Inú omi ni mo ti ń yo ajílẹ̀ náà kí n tó dà á sí wọn ní gbogbo Sátidé. Àwọn tí kò gba ajílẹ̀ ni mo kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri torí pé ojú fèrèsé kò gba gbogbo wọn. Mo fi rúlà wọn gíga wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4. Tíṣà wa ní ká kọ independent variable àti dependent variable. Mo kọ ọ́ pé ewéko ni independent, torí pé òun ló dá dúró nínú ìkòkò rẹ̀, àti pé ajílẹ̀ ni dependent, torí pé òun ni ewéko gbára lé. Wọ́n fa igi pupa sórí méjèèjì. Níbo ni mo ti ṣìnà? Omi àti oòrùn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń wọ̀n wọ́n ńkọ́, ṣé variable ni?

Ìdáhùn: Ìwọ fúnra rẹ ti kọ ìdáhùn sínú ìbéèrè rẹ. O kàn gbé oyè fún ẹni tí oyè kò tọ́ sí ni.

O ní ewéko ló gbára lé ajílẹ̀. Ó dára. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló ń gbára lé ẹnì kejì rẹ̀? Ewéko ni. Dependent ni orúkọ tí à ń pe ẹni tó gbára lé nǹkan, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n gbára lé. Ọmọ ọwọ́ ló gbára lé ìyá rẹ̀. Ọmọ ni dependent, kì í ṣe ìyá. Ajílẹ̀ inú ìkòkò rẹ kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ewéko kankan kó tó jẹ́ gíráàmù 1 tàbí gíráàmù 2. Ìwọ lo pinnu rẹ̀ kí hóró ẹ̀wà kan ṣoṣo tó yọjú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ independent: kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò tó lè yí iye rẹ̀ padà. Kò sì kan pé ewéko dá dúró tàbí kò dá dúró.

Àbùkù kejì tún wà nínú ìdáhùn rẹ, òun ló sì máa ń fara sin jù. "Ewéko" kì í ṣe variable rárá nínú àyẹ̀wò rẹ. Ohun tá à ń pè ní variable gbọ́dọ̀ lè yàtọ̀ láti ìkòkò kan sí òmíràn. Bi í léèrè pé, "Mélòó ni ọ́, tàbí irú wo ni ọ́?" Bí o bá bi ajílẹ̀, yóò ní òun jẹ́ 0, tàbí 1, tàbí 2. Bí o bá bi gíga, yóò ní òun jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14, tàbí 17 ààbọ̀. Bí o bá bi ewéko, ẹ̀wà ni gbogbo wọn yóò dá ọ lóhùn, láti ìkíní dé ìkejìlá. Ewéko ni nǹkan tí àyẹ̀wò ń ṣẹlẹ̀ sí. Ká ní o gbin ẹ̀wà sí ìkòkò 6, o gbin àgbàdo sí 6, tó o sì fún gbogbo wọn ní ajílẹ̀ kan náà, nígbà náà ni irú ewéko yóò di independent variable, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní nọ́ńbà. Kí n sì tó gbàgbé: má ṣe rò pé ìkòkò 4 tí kò gba nǹkan kan kò sí nínú ètò. 0 náà, iye ni. Láìsí wọn, o kò ní ohun tí wàá fi ṣe ìfiwéra.

Gbé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí o bi ara rẹ ní nǹkan méjì. Kí ni mo fi ọwọ́ ara mi mú kó yàtọ̀ láti ìkòkò dé ìkòkò? Kí ni mo mú rúlà lọ wò, tí n kò mọ̀ ṣáájú? Lọ wo àtẹ tó o fi ń kọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tó o gbin ẹ̀wà, o lè ti kọ òpó ajílẹ̀ kún láti òkè dé ìsàlẹ̀: 0 lẹ́ẹ̀mẹrin, 1 lẹ́ẹ̀mẹrin, 2 lẹ́ẹ̀mẹrin. Òpó gíga ṣófo, kò sì sí bó o ṣe lè kọ ọ́ láìpurọ́. Òpó tó ń yàtọ̀ tó o sì lè kọ kún kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀ ni independent variable. Òpó tó o ní láti dúró dè ni dependent. N kò mọ ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan máa ń fi gbólóhùn dán an wò: "Ṣé iye ajílẹ̀ ń yí gíga ẹ̀wà padà?" Ó já gaara. Wọ́n á wá dojú rẹ̀ kodò: "Ṣé gíga ẹ̀wà ń yí iye ajílẹ̀ padà?" Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, àmọ́ má tíì rẹ́rìn-ín. Ká ní ní ọ̀sẹ̀ kejì, o rí ẹ̀wà kan tó ràn, ewé rẹ̀ pọ́n, àánú rẹ̀ ṣe ọ́, o wá bu ajílẹ̀ díẹ̀ lé tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, gíga ló ń pàṣẹ fún ajílẹ̀. Bó bá di ìparí, àwọn tó gba ajílẹ̀ jù lè jẹ́ àwọn tó kúrú jù, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sì ní ajílẹ̀ ló mú wọn kúrú. Nítorí náà, bó o bá ti pín ajílẹ̀ tán, má fi àánú yí i padà.

Ó tó ká wá sórí gíga fúnra rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ "ìdàgbàsókè ewéko" sí ibi dependent variable, wọ́n á sì rò pé ó parí. Kò tíì parí. Rúlà kò lè wọn ìdàgbàsókè; gíga ló ń wọ̀n. O ní láti sọ ohun tó o kà sí ìdàgbàsókè: gíga ni, àbí iye ewé, àbí fífẹ̀ ewé, àbí ìwúwo? Èyí tó o bá mú lè yí ìdáhùn àyẹ̀wò padà pátápátá.

Wo àpẹẹrẹ yìí. Gbin ẹ̀wà sí ìkòkò méjì. Gbé ọ̀kan sínú ìmọ́lẹ̀, fi àpótí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀ bo èkejì. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá hù, ti inú òkùnkùn ni yóò ga jù. Yóò nà tẹẹrẹ, ewé rẹ̀ yóò kéré, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá, kò ní láwọ̀ ewé rárá. Oúnjẹ tó wà nínú hóró ló ń ná láti fi wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Bó bá jẹ́ gíga nìkan lo wọ̀n, wàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkùnkùn dára fún ẹ̀wà. Àmọ́ bó o bá gbẹ àwọn méjèèjì títí kò fi sí omi nínú wọn mọ́, tó o wá gbé wọn lé ìwọ̀n, ti inú òkùnkùn kò ní wúwo tó hóró tó ti hù jáde, torí pé ó ń ná oúnjẹ, kò sì rí òmíràn ṣe. Independent variable kan náà ni, ìmọ́lẹ̀. Ohun tó o wọ̀n ló sọ ọ́ di ìtàn méjì.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi fẹ́ràn ìwúwo gbígbẹ ju gíga lọ. Wọ́n á fọ erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, wọ́n á gbé ewéko sínú ààrò ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 70 Celsius, wọ́n á máa gbé e lé ìwọ̀n títí tí iye tí wọ́n rí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra yóò fi bára mu. Ìwúwo tútù kò ṣeé gbọ́kàn lé, torí pé omi ló pọ̀ jù nínú ewéko tútù, ohun tó o bá sì bomi rin ní àárọ̀ lè wúwo ju èyí tí o kò tíì bomi rin. Àléébù ìwúwo gbígbẹ ni pé o ní láti pa ewéko kí o tó rí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo sì lè ṣe é. Gíga kò pa nǹkan kan. N kò bá ọ wí pé o yan gíga. Mo kàn fẹ́ kó o mọ ohun tó o yàn.

Bó bá sì jẹ́ gíga, wọ̀n ọ́n dáadáa. Erùpẹ̀ máa ń rì bí omi bá ti ń kan án, nítorí náà ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìkòkò, kí o fàmì sí i níbi tí erùpẹ̀ wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí o máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi àmì yẹn. Orí ẹ̀ka tó ń dàgbà ni kí o wọ̀n ọ́n dé, kì í ṣe ṣóńṣó ewé tó nà sókè. Bí ẹ̀wà rẹ bá jẹ́ irú tó ń lọ́ mọ́ igi, na òwú tẹ̀ lé e láti ìsàlẹ̀ dé orí, kí o wá gbé òwú náà lé rúlà. Àti pé, bí ẹ̀wà kan bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 6 ní ọjọ́ tó o kọ́kọ́ da ajílẹ̀, tí èkejì sì jẹ́ 4, yọ iye ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ti ìparí. Ohun tó fi kún ara rẹ̀ lò ń wá, kì í ṣe ibi tó ti gbéra.

Kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ewéko ló tilẹ̀ kan gíga. Nínú iṣẹ́ tí Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọmọ rẹ̀ Francis tẹ̀ jáde ní 1880, wọ́n gbé ọ̀mùnú koríko síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n fi nǹkan dé orí àwọn kan, wọ́n fi nǹkan bo ìsàlẹ̀ àwọn mìíràn. Èyí tí wọ́n dé lórí kò tẹ̀ sí ibi ìmọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n bo nísàlẹ̀ tẹ̀. Ibi tí wọ́n bò ni ohun tí wọ́n yí. Títẹ̀ ni ohun tí wọ́n wò.

Ní ti omi àti oòrùn: bẹ́ẹ̀ ni, variable ni wọ́n, torí pé wọ́n lè yàtọ̀. Àmọ́ nínú àyẹ̀wò tìrẹ, ipò wọn ni pé kí wọ́n má yàtọ̀. Controlled variable ni wọ́n ń pe irú wọn. Ohun tó o dì mú ṣinṣin ni. Má há a sórí pé controlled ni omi. Ipò ni, kì í ṣe orúkọ àbísọ. Bí ẹnì kan bá fún ìkòkò ní mílílítà 50, 100 àti 150 lójúmọ́, tí ajílẹ̀ sì dọ́gba, omi ni independent variable tirẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá sún iná mànàmáná mọ́ ewéko, tó sì ń wọn omi tí ewéko fà látàárọ̀ dalẹ́, omi kan náà ti di dependent. Ìbéèrè rẹ nìkan ló lè sọ ipò nǹkan kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Padà sí ìkòkò 4 ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn. Àwọn kan náà ni kò gba ajílẹ̀. O tún ní inú omi lo ti ń yo ajílẹ̀ ní Sátidé, o kò sì sọ pé o fún àwọn tí kò gba ajílẹ̀ ní omi lásán ní ìwọ̀n kan náà. Bó bá jẹ́ pé o kò fún wọn, nǹkan mẹ́ta lo yí lẹ́ẹ̀kan náà: ajílẹ̀, omi àti ìmọ́lẹ̀. Bí àwọn 4 yẹn bá kúrú, afurasí di mẹ́ta, kò sì sí adájọ́ tó lè mọ èyí tó jẹ̀bi. Èyí ló ká mi lára ju igi pupa tí tíṣà fà lọ, torí pé èèyàn lè kọ orúkọ variable dáadáa kí àyẹ̀wò rẹ̀ má sì lè dáhùn ohunkóhun.

Ti omi rọrùn: bí àwọn mìíràn bá gba mílílítà 100 omi tó ní ajílẹ̀ nínú, kí àwọn ti 0 gba mílílítà 100 omi lásán lọ́jọ́ kan náà. Ti ipò ìkòkò gba ọgbọ́n díẹ̀. Bí ojú fèrèsé kò bá gba gbogbo wọn, má fi ojú ara rẹ yan èyí tí yóò wà níbẹ̀. Ṣẹ́ gègé. Kọ nọ́ńbà 1 dé 12 sára bébà kéékèèké, ká wọn, kí o máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tí ìkòkò kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí. Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1919, ló sọ gègé ṣíṣẹ́ di òfin nínú àyẹ̀wò oko. Ní Rothamsted yẹn kan náà, oko àlìkámà kan wà tí wọ́n ń pè ní Broadbalk, tí àyẹ̀wò ajílẹ̀ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1843, tí wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tí kò tíì fi ẹnu kan ajílẹ̀ láti ọdún náà. Òun ni àgbà ìkòkò 0.

Àyẹ̀wò tí kò ní ohun tí a yí rárá ńkọ́? Ó ti wáyé rí, ó sì lókìkí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láyé àtijọ́, Jan Baptist van Helmont, gbin igi willow tó wúwo tó pọ́ùn 5 sínú erùpẹ̀ gbígbẹ pọ́ùn 200, ó ń bomi rin ín fún ọdún 5. Igi náà di pọ́ùn 169 àti díẹ̀. Erùpẹ̀ kò dín ju nǹkan bí áúnsì 2 lọ. Ó ní a jẹ́ pé omi ló di igi. Ìwọ̀n rẹ̀ dára, àmọ́ igi kan ṣoṣo ni, inú ìkòkò kan ṣoṣo, kò sì sí òmíràn tí ó fún ní ohun tó yàtọ̀. Ìtẹ̀jáde náà jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò fura sí afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ carbon dioxide ni igi ti ń mú èyí tó pọ̀ nínú ohun tó fi ń kọ́ ara rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀. O lè kọ òpó ọ̀sẹ̀ kún ṣáájú bíi ti ajílẹ̀, ìyẹn ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Àmọ́ o kò fún ìkòkò kan ní ọ̀sẹ̀ 2 kí o fún òmíràn ní 4; gbogbo wọn ló gba 4. Bó bá jẹ́ ipa ajílẹ̀ lò ń wádìí, ajílẹ̀ ni kí o kọ. Bí ìbéèrè bá jẹ́ "Báwo ni ẹ̀wà ṣe ń ga bí ọjọ́ ti ń lọ?", tí ajílẹ̀ gbogbo wọn sì dọ́gba, àkókò ni independent variable, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ yí àkókò. Lórí gráàfù, o lè kọ iye ajílẹ̀ sí ìlà ìbú, kí o fi ìpíndọ́gba gíga ti ọ̀sẹ̀ 4 sí ìlà òòró. Àmì mẹ́ta ni yóò jáde. O sì lè kọ ọ̀sẹ̀ sí ìbú, kí o fa ìlà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún iye ajílẹ̀ kan. Èmi fẹ́ràn èkejì, torí pé ó ń fi hàn bí wọ́n ṣe pínyà díẹ̀díẹ̀. Nínú méjèèjì, òòró ni gíga ń gbé.

Má sì retí pé ìlà náà gbọ́dọ̀ máa gòkè. Ajílẹ̀ àpọ̀jù kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, etí ewé á jóná, àwọn gíráàmù 2 sì lè kúrú ju àwọn gíráàmù 1 lọ. Bí ajílẹ̀ kò bá tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, orúkọ wọn kò yí padà. Dependent kò túmọ̀ sí pé gíga ti gbára lé ajílẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó ò ń béèrè ni pé ṣé ó gbára lé e.

Nítorí náà, kọ ọ́ báyìí: independent variable ni iye ajílẹ̀ tí ìkòkò kọ̀ọ̀kan gbà lọ́sẹ̀, ní gíráàmù, 0, 1 àti 2. Dependent variable ni sẹ̀ǹtímítà tí ẹ̀wà fi ga sí i láàárín ọ̀sẹ̀ 4. Controlled variable ni irú ẹ̀wà, títóbi ìkòkò, irú erùpẹ̀ àti iye rẹ̀. Má kọ omi àti ìmọ́lẹ̀ mọ́ wọn bí o kò bá mú wọn dọ́gba lóòótọ́. Kọ wọ́n sí ibi tó o ti ń sọ àléébù iṣẹ́ rẹ, kí o sọ ibi tí ìkòkò 4 yẹn jókòó sí gan-an.

Bí àkókò bá ṣì wà kí ẹ tó kó iṣẹ́ náà kalẹ̀, gbin 12 mìíràn, kí o ṣẹ́ gègé fún wọn kí o tó ṣí ike ajílẹ̀.